Bí ẹ ṣe máa gba abẹ́rẹ́ aláìlóògùn fún ẹran ẹsẹ̀ tó ń dùn yín

Abẹ́rẹ́ tí mò ń sọ yìí kò gbé oògùn kankan dání. Kò ní ihò láàárín. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni látòkè délẹ̀, nínípọn rẹ̀ kì í sì í sábà ju mìlímítà 0.30 lọ. Wọ́n á fi gún kókó tó wà nínú ẹran, wọ́n á fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tàbí kí wọ́n máa tì í wọlé kí wọ́n máa fà á bọ̀, wọ́n á yọ ọ́, ó parí. Dry needling ni àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi ọwọ́ àti ìdárayá tọ́jú ẹran àti oríkèé, ń pè é, orúkọ yẹn náà lẹ ó sì bá lára pátákó wọn.

Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó máa gún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí pé ẹ ka èyí kí ẹ lọ ra abẹ́rẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ wá máa gún ara yín nínú yàrá. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Èrò tèmi rèé, kí ẹ lè mọ ibi tí mò ń lọ. Abẹ́rẹ́ yìí ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ lára. Ó lè dín ìrora kù fún wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ mélòó kan, kí oríkèé tó ti le sì rọ̀. Ohun tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ náà ṣe láàárín àkókò yẹn ló máa pinnu bóyá ẹ ó tún padà wá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nítorí ìrora kan náà.

1. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹran ló ń dùn yín

Ìrora ẹran ní ìwà tirẹ̀. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó kan ohun kan tó le gbagidi, tó gùn tẹẹrẹ nínú ẹran. Ojú kan á wà lórí rẹ̀, òun ni kókó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tó jẹ́ pé bí ìka bá dé ibẹ̀, ẹ ò ní mọ ìgbà tí ẹ máa pariwo pé “ibẹ̀ gan-an nìyẹn!”. Láti ojú yẹn, ìrora lè tàn lọ síbòmíì. Ó máa ń le sí i lẹ́yìn ìjókòó pípẹ́ tàbí lẹ́yìn iṣẹ́ tó pọ̀ jù fún ẹran náà, ó sì máa ń dẹ̀ bí ara bá ti móoru.

Àwọn ìrora mìíràn wà tí abẹ́rẹ́ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́. Èyí tí mo bẹ̀rù jù nínú wọn ni ẹran ẹ̀yìn ojúgun tó wú ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tó gbóná, tó ń dùn bí ẹ tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, pàápàá bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ìrìn àjò tí ẹ fi jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀. Ilé ìwòsàn ni ẹ ó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ wọ́ ọ. Bí àyà bá tún ń dùn yín tàbí tí ẹ kò lè mí délẹ̀, pàjáwìrì ni, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dì náà lè ti ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ rìn díẹ̀, ẹran ẹsẹ̀ mú yín, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó lọ, ẹ tún rìn tó bẹ́ẹ̀, ó tún mú yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni kò rí ọ̀nà dé ibẹ̀ dáadáa. Àwọn tó ń mu sìgá àti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ni èyí sábà máa ń bá jà. Dókítà ni kí ẹ lọ rí.

Ìrora tó ti ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ wá sínú ẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ sì ń kú tàbí tí agbára rẹ̀ ń dín kù, lè jẹ́ ti nááfù, okùn tó ń gbé ìmọ̀lára àti agbára ìmira káàkiri ara, tó há sínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí abẹ́ bá kú, tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kò bá ṣeé mú dúró mọ́, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ láti jáde, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ti egungun náà wà. Ẹni tó ń sáré púpọ̀ tí ojúgun rẹ̀ ń dùn ní ojú kan pàtó lórí egungun, tí kì í dẹ̀ bí ara bá móoru, tó tún ń dùn lóru, egungun rẹ̀ lè ti sán. Ẹsẹ̀ tó rọ́ tí ẹ kò lè fi rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, fọ́tò X-ray ló kàn.

Ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ńkọ́? Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù tó gbọ́ “pọ́ọ̀” lẹ́yìn ojúgun, tó yí padà láti wo ẹni tó sọ òkò lu òun tí kò sì rí ẹnì kankan, ẹran rẹ̀ tàbí okùn iṣan Achilles tó wà lókè gìgísẹ̀ ló já tàbí tó ya. Wọn kì í gún ojú ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya. Bákan náà ni itan tí èèyàn fi orúnkún gbá, tí ẹ̀jẹ̀ wá sé sínú ẹran rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kí dókítà tàbí físíò tó mọṣẹ́ wò ó bí ọgbẹ́ náà ṣe tó. Abẹ́rẹ́ lè wúlò nígbà tó bá yá, fún àwọn ẹran tó yí i ká tí wọ́n ti le nítorí pé ẹ ń tiro.

2. Ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ fún ẹni tó máa gún yín

Bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, ẹ sọ ọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ yín kì í bá tètè dá tí ẹ bá farapa, ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ bí oyún bá wà nínú yín, kódà bí kò bá tíì hàn. Àtọ̀gbẹ ń kọ́? Ẹ sọ ọ́, pàápàá bí àtẹ́lẹsẹ̀ yín kò bá mọ ìgbà tí nǹkan gún un mọ́, nítorí ìmọ̀lára yín ni ẹni tó ń gún yín fi ń mọ̀ pé òun kò tíì kan nááfù.

Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ orúnkún tàbí ìbàdí yín, tàbí tí irin wà nínú egungun, wọn kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹsẹ̀ tó máa ń wú nítorí pé omi ara kò rí ọ̀nà kọjá, irú èyí tó máa ń tẹ̀ lé ìtọ́jú jẹjẹrẹ, kò yẹ kí wọ́n gún un rárá. Awọ tó ní egbò tàbí tó ń ṣọyún, bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ tún sọ bí nickel kì í bá bá awọ yín mu, torí ó wà nínú irin abẹ́rẹ́, àti bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn yín lù, torí àwọn físíò kan máa ń so iná díẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ náà.

Àwọn tí òòyì máa ń kọ́ bí wọ́n bá ti rí abẹ́rẹ́ pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ ṣáájú kò ní ṣubú lójijì. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ abẹ́rẹ́ rárá, ẹ lè sọ pé rárá. Kò sí ìrora ẹran ẹsẹ̀ tí abẹ́rẹ́ nìkan ni ìtọ́jú rẹ̀.

3. Ẹ wádìí ọwọ́ tó máa gún yín

Òfin kò dọ́gba káàkiri ayé lórí ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, físíò tó gba ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́ lè ṣe é. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, òfin kò gba físíò láyè. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé ìwé àṣẹ wọn gbà wọ́n láyè níbi tí ẹ wà. Ìkejì, èyí tí èèyàn kì í sábà bèèrè: “Ṣé wọ́n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gún ẹran tó ń dùn mí yìí gan-an?” Ẹni tó kọ́ ti ẹ̀yìn ọrùn nìkan kò tíì kọ́ ti ìdí.

Ẹ wo bí abẹ́rẹ́ náà ṣe ń jáde. Inú ọ̀rá tí wọ́n dì pa ló ti gbọ́dọ̀ wá, kí wọ́n já a lójú yín, kí wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀kan, kó sì bọ́ sínú àpótí ike líle tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ dànù sí. Bí ẹ bá rí abẹ́rẹ́ tó ti wà nínú àwo kí ẹ tó dé, ẹ dìde kí ẹ máa lọ.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ló ń fi ẹni tó mọṣẹ́ hàn: “Yàtọ̀ sí abẹ́rẹ́, kí la tún máa ṣe?” Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ nìkan ti tó, mi ò ní gbà yín níyànjú láti dúró.

4. Ọjọ́ tí ẹ máa lọ

Ẹ jẹun. Ebi àti abẹ́rẹ́ kì í gbé pọ̀. Ẹ wọ ṣòkòtò péńpé tó ṣeé ká sókè dé itan, ẹ má fi òróró tàbí ìpara kun ibi tó ń dùn. Ẹ má fi í sí ọjọ́ tó ṣáájú eré ìje tàbí ìdíje, nítorí ẹran tí wọ́n gún lè máa ro yín títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ mú ìṣe kan ṣoṣo tó máa ń fa ìrora náà jáde, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ó lè jẹ́ gígun àtẹ̀gùn, ó lè jẹ́ lílóṣòó, ó lè jẹ́ fífi ẹsẹ̀ kan dúró kí ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè. Ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ lè ṣe é sílẹ̀ àti bó ṣe dùn tó láti 0 dé 10. Láìsí àkọsílẹ̀ yìí, ẹ kò ní mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ náà ṣe nǹkan. Inú dídùn pé ẹ ti gba ìtọ́jú lásán lè mú kó dà bíi pé ara ti fúyẹ́.

5. Ibi tó ń dùn kọ́ ni wọ́n máa ń gún nígbà gbogbo

Apá yìí ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Kókó inú ẹran máa ń rán ìrora lọ síbòmíì, ẹran kọ̀ọ̀kan sì ní ojú ọ̀nà tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, níbi tí àpò ṣòkòtò wà, ẹran méjì wà tí wọ́n ń pè ní gluteus medius àti gluteus minimus. Àwọn ni kì í jẹ́ kí ìbàdí yín já wálẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Kókó tó bá wà nínú minimus lè rán ìrora gba ẹ̀gbẹ́ ìta itan lọ títí dé nítòsí ọrùn ẹsẹ̀. Ẹni tó ní irú rẹ̀ á ti sọ fún gbogbo èèyàn pé nááfù ẹ̀yìn ló ń yọ òun lẹ́nu. Nígbà míì, òótọ́ ni. Nígbà míì, ẹran ẹ̀gbẹ́ ìdí yìí ni. Ẹni tó máa gún yín gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀yìn yín wò kó tó pinnu. Piriformis, ẹran mìíràn, wà nísàlẹ̀ jinlẹ̀ lábẹ́ ẹran ìdí ńlá, nááfù tó nípọn jù lọ nínú ara, sciatic, sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Abẹ́rẹ́ gígùn ló ń dé ibẹ̀, kì í sì í ṣe ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ṣẹ́.

Ẹran iwájú itan ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí bí iwájú orúnkún bá ń dùn yín nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Rectus femoris, ọ̀kan lára wọn, máa ń rán ìrora sí àwo orúnkún. Vastus medialis, tó wà ní apá inú, máa ń mú kí orúnkún fẹ́ yẹ̀ lábẹ́ èèyàn. Ẹran ẹ̀yìn itan máa ń ro ẹni tó ń jókòó pẹ́ àti ẹni tó ń sáré kíkankíkan, àmọ́ sciatic ń gba àárín rẹ̀ kọjá, nítorí náà láti ẹ̀gbẹ́ ni ẹni tó mọṣẹ́ ti máa ń wọ ibẹ̀. Ní ti ẹran inú itan, ibi tí itan ti pàdé ikùn ní iwájú ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá àti nááfù femoral wà. Wọ́n máa ń fi ìka wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè yàgò fún un.

Gìgísẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń fi òróró pa gìgísẹ̀ fún oṣù mélòó kan, nígbà tó jẹ́ pé soleus, ẹran tó fẹ̀ pẹlẹbẹ lábẹ́ ẹran ẹ̀yìn ojúgun, wà lára ohun tó ń rán ìrora síbẹ̀. Gastrocnemius tó wà lórí rẹ̀ ni pajápajá sábà máa ń mú lóru, òun náà sì lè rán ìrora sí àtẹ́lẹsẹ̀. Tibialis anterior, ẹran ẹ̀gbẹ́ ojúgun níwájú, máa ń rán ti rẹ̀ sí iwájú ọrùn ẹsẹ̀ àti àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Àwọn ẹran peroneus tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀ máa ń le lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá ti rọ́. Lókè wọn, níbi tí egungun tẹ́ẹ́rẹ́ ti yọ jáde nísàlẹ̀ orúnkún, nááfù kan rọ̀ mọ́ egungun lábẹ́ awọ lásán. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣe é léṣe, ẹni náà lè máà lè gbé iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè mọ́ tó bá ń rìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má gún ara yín.

Ọ̀rọ̀ kan tí àwọn físíò kì í sábà sọ fún oníbàárà: àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tí kókó yìí jẹ́ gan-an, bí ẹ bá sì ní kí ẹni méjì tó mọṣẹ́ wá a lára ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n lè tọ́ka sí ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí kò sọ pé irọ́ ni. Ó kàn túmọ̀ sí pé àyẹ̀wò tó péye, tí wọ́n ní kí ẹ rìn, kí ẹ lóṣòó, kí ẹ ti ẹsẹ̀ mọ́ ọwọ́ wọn, ṣe pàtàkì ju ìka tó ń wá kókó lọ.

6. Lórí bẹ́ẹ̀dì

Ẹ dùbúlẹ̀. Kò sí ìdí tí ẹ fi máa jókòó tàbí dúró gba abẹ́rẹ́ ẹsẹ̀. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ ti wà nílẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ ká sọ pé soleus ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Ẹ ó da ojú bolẹ̀, wọ́n á fi ìrọ̀rí sábẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ yín kí orúnkún lè ká díẹ̀, kí ẹran òkè lè dẹ̀. Físíò á fọ ọwọ́, á wọ ìbọ̀wọ́, á nu awọ yín. Á fi ìka méjì há kókó náà mọ́, á gbé ọ̀pá ike kékeré kan lé e, orí abẹ́rẹ́ á yọ díẹ̀ lókè ọ̀pá náà. Á fi ìka ta á lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ẹ máa gbọ́ kò ju pé nǹkan kan kan awọ yín lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bèèrè bóyá ó ti wọlé.

Ó yọ ọ̀pá náà, ó wá ń ti abẹ́rẹ́ lọ sínú díẹ̀díẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan kókó náà, ẹran yín sì ta gìrì fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ rán an níṣẹ́. Ó máa ń dà bí pajápajá kékeré tó wá tó sì lọ lójú ẹsẹ̀, ìrora tí ẹ mọ̀ ní gìgísẹ̀ sì lè yọjú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ohun tó ń wá nìyẹn. Àwọn kan máa ń fà á bọ̀ kí wọ́n tún tì í wọlé nígbà mélòó kan. Àwọn mìíràn á fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má mira lásìkò yẹn.

Dókítà Janet Travell, tó tọ́jú ààrẹ Amẹ́ríkà John F. Kennedy, ti ń fi abẹ́rẹ́ olóògùn gún irú kókó báyìí tipẹ́tipẹ́. Lọ́dún 1979 ni Karel Lewit, dókítà kan ní Czechoslovakia, wá kọ ọ́ jáde pé gígún tí abẹ́rẹ́ gún un gan-an ń dín ìrora kù, kódà láìsí oògùn. Abẹ́rẹ́ kan náà ni àwọn tó ń ṣe acupuncture ń lò, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà agbára inú ara gẹ́gẹ́ bí ìṣègùn àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n ń tẹ̀ lé ní tiwọn.

Ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín ìrora mẹ́ta yìí. Èyí tó wúwo, tó ń fún ẹran pọ̀, kò sí wàhálà. Èyí tó ta ṣàn-án bí ìgbà tí iná mànàmáná gbé èèyàn, tó sáré lọ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀, nááfù ni. Èyí tó gbóná tó sì ń ta yín lójú kan láìdẹ̀, ó lè jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ kígbe lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á fà á yọ kó tó bi yín ní ìbéèrè. Bí òógùn tútù bá ń bò yín, tí ojú bá ń ṣú yín, ẹ sọ ìyẹn náà. Wọ́n á yọ gbogbo rẹ̀, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ yín sókè, ó máa ń kọjá lọ.

7. Láti ìgbà tí ẹ bá dìde títí di ọjọ́ kẹta

Ẹ tún ṣe ìṣe tí ẹ wọ̀n nílé, níbẹ̀ lójú físíò. Bí gígbé gìgísẹ̀ sókè bá jẹ́ mẹ́fà láàárọ̀, tó wá di mẹ́sàn-án báyìí, tàbí tí ìrora 7 bá di 4, ẹ ti rí nǹkan bá lọ.

Ẹsẹ̀ náà á wúwo, á sì máa ro yín bí ẹni tó ṣe eré ìdárayá tó pọ̀ lánàá. Èyí sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ojú ibi tí wọ́n gún lè dúdú díẹ̀. Ní Ireland, àwọn físíò 39 kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ nínú ìtọ́jú 7,629, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2014: awọ tó dúdú ló wọ́pọ̀ jù, nǹkan bíi 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí jàǹbá ńlá kankan níbẹ̀. Bí ó bá ń ro yín, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì bọ omi gbígbóná díẹ̀ lé e. Ẹ máa rìn. Dídùbúlẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ máa ń mú kó pẹ́.

Àkókò iṣẹ́ yín nìyí o. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ìrìn wẹ́ẹ́rẹ́ àti nínà díẹ̀ ti tó. Láti ọjọ́ kejì, bí físíò yín kò bá sọ nǹkan míì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára kọ́ ẹran náà. Fún soleus, ẹ jókòó tàbí kí ẹ dúró pẹ̀lú orúnkún tó ká díẹ̀, kí ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Fún gastrocnemius, orúnkún gbọ́dọ̀ nà. Fún ẹran ẹ̀gbẹ́ ìdí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí ẹ máa gbé ẹsẹ̀ òkè sókè, gìgísẹ̀ ló ń ṣíwájú, kì í ṣe ọmọ ìka. Fún iwájú itan, dídìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Fún ẹ̀yìn itan, ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀, ẹ gbé ìdí sókè. Bí ẹ bá ti ń ti gìgísẹ̀ jìnnà sí ara yín ni iṣẹ́ náà á máa le. Fún inú itan, ẹ há ìrọ̀rí mọ́ àárín orúnkún méjèèjì kí ẹ máa fún un.

Ìrora tó dé 3 nínú 10 nígbà tí ẹ ń ṣe é kò burú, bó bá ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dín iye rẹ̀ kù, ẹ má pa á tì. Sísáré kíkankíkan àti fífò, ẹ jẹ́ kí ríro náà kọ́kọ́ lọ.

Ẹ padà sí ilé ìwòsàn bí ibi tí wọ́n gún bá ń pọ́n sí i, tó ń gbóná, tó ń ṣọyún, tàbí bí ibà bá dé. Bí ẹsẹ̀ bá kú tàbí tí ẹ kò lè gbé iwájú rẹ̀ sókè. Bí ẹran náà bá wú tó le bí igi, tí ìrora rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i láti wákàtí sí wákàtí. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò gba kí ilẹ̀ mọ́, nítorí bí ẹ̀jẹ̀ bá kún inú àpò ẹran, ó lè fún nááfù àti iṣan ẹ̀jẹ̀ pa.

8. Ẹ̀ẹ̀melòó ni?

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ta ìtọ́jú mẹ́wàá pọ̀ fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ gba ẹyọ kan, kí ẹ wo ìwé tí ẹ kọ. Bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta bá kọjá tí òǹkà yín kò yí padà, yálà kì í ṣe ẹran yẹn ló ń dùn yín, tàbí kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló máa tán an. Kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì retí iṣẹ́ ìyanu. Lọ́dún 2014, ní Australia, wọ́n gún àwọn kan lára èèyàn 84 tí gìgísẹ̀ ń dùn, wọ́n wá ṣe bí ẹni ń gún àwọn yòókù, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìrora ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ dín kù lára àwọn tí wọ́n gún ju ti àwọn yòókù lọ. Ìyàtọ̀ náà hàn nínú ìṣirò, àmọ́ kò tó ìwọ̀n tí àwọn olùwádìí náà fúnra wọn kà sí ohun tí aláìsàn máa mọ̀ lára. Nínú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìtọ́jú tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gidi ṣe, ìrora díẹ̀ tàbí awọ tó dúdú tẹ̀ lé e. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ kò gbọ́dọ̀ dá ṣiṣẹ́.

Bí òǹkà yín bá ń dára sí i, ẹ jẹ́ kí àárín ìtọ́jú máa jìn síra: ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ dáwọ́ abẹ́rẹ́ dúró. Ìdárayá ni ẹ ò gbọ́dọ̀ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá ni ẹran nílò kó tó lágbára gidi. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ máa fi ẹrù díẹ̀ kún un, títí ẹsẹ̀ tó ń dùn yín á fi lè ṣe iye tí ẹsẹ̀ kejì ń ṣe.